Ọkọ̀ Ìjàpá Tó Ń Rìn Bí Alákàn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Títo Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Ìbéèrè tó dá lórí Volkswagen Ìjàpá ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé. Kò yà wá lẹ́nu. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, pẹ̀lú ẹ̀yà ara tó ti Brazil wá, àwọn tí wọ́n sì tọ́jú tiwọn dáadáa ṣì ń wà á dòní. Iṣẹ́ tí ẹ ń béèrè kò kọjá agbára ẹni tó ní ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, rúlà, okùn àti sùúrù.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìjàpá 1300 ọdún 1978 ni mò ń wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé e lọ fún aláínmẹ́ńtì, síbẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, sítíárìn mi á wọ́ sápá ọ̀tún. Ẹni tó ń wakọ̀ tẹ̀lé mi ní ọkọ̀ mi ń rìn bí alákàn. Ṣé nǹkan tí mo lè tún ṣe nílé ni? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)*

Òótọ́ lẹni tó ń tẹ̀lé yín sọ. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ aláínmẹ́ńtì máa ń tò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ ń kọjú sí. Bí imú táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá ń wo ọ̀tún, ẹ̀yìn á máa ti ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún, awakọ̀ náà á sì ní láti yí táyà iwájú sọ́tùn-ún kan náà kó tó lè lọ tààrà. Ìdí tí sítíárìn yín fi ń wọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá to iwájú nígbà ogún láìkan ẹ̀yìn, kò ní yí padà.

Lára Ìjàpá yín, ọ̀pá axle kan ló ti ara gíábọ́ọ̀sì jáde sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ìdí rẹ̀ ló sì ti ń mì sókè-sódò. Ní orí rẹ̀ lóde ni flange (etí irin fífẹ̀) wà, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ spring plate, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gígùn tó ti ilé torsion bar (ọ̀pá irin tó ń ṣe sípíríńgì ẹ̀yìn) wá. Ihò bóòtù tó wà lára spring plate kò rí roboto. Ó gùn gbọọrọ. Ibẹ̀ nìkan ni àyè títò wà: ẹ lè sún flange síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ rí tàbí tú axle, tí kò sàmì síbi tí flange wà tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ yẹ ohun tó lè jẹ́ kí ìwọ̀n yín purọ́ wò. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bí ó bá ń ta kọ̀ kọ̀ kọ̀, ẹ wo nọ́ọ̀tì axle, èyí tó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì 36. Ó yẹ kí ìfúnpọ̀ rẹ̀ tó 294 Nm. Ẹni tí kò bá ní sípánà oníwọ̀n lè ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà, kó na páìpù náà gbalaja bí ilẹ̀ ṣe tẹ́, kó sì fi ẹrù kílò 30 kọ́ ibi tó jìn sí nọ́ọ̀tì ní mítà kan géérégé; ìwọ̀n náà nìyẹn. Bí ihò pín-ìn-nì kò bá bára mu, ẹ fún un síwájú títí yóò fi bá a. Ẹ má dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láé. Bí nọ́ọ̀tì bá ti fún dáadáa tí ó ṣì ń ta kọ̀, eyín inú họ́ọ̀bù ti jẹ. Họ́ọ̀bù tuntun nìkan ni yóò parí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo rọ́bà tó gbé gíábọ́ọ̀sì dúró. Bí ó bá ti ya tàbí tí epo ti jẹ ẹ́ rọ̀, ìdí axle méjèèjì ń rìn kiri nìyẹn. Ẹ yí táyà lọ́wọ́, ẹ fi igi ṣóńṣó kan dúró nítòsí etí rímù: bí rímù bá ń fì ju mílímítà 1.5 lọ, ihò ojú títì ti tẹ̀ ẹ́, ẹ fi èyí tó dára pààrọ̀ rẹ̀ fún ìwọ̀n. Ẹ fẹ́ táyà dọ́gba lápá méjèèjì. Fún táyà radial, bíi 18 psi níwájú àti 27 psi lẹ́yìn ló bá Ìjàpá mu.

Ó wá kan okùn. Garawa ọ̀dà mẹ́rin tó kún fún iyanrìn, tí ẹ ri ọ̀pá irin mọ́ láàárín, ló tó láti fi ṣe òpó. Ẹ ta okùn ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó ga dé àárín họ́ọ̀bù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀. Kó má kan mọ́gádì, kó má kan àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ wọ̀n láti àárín họ́ọ̀bù iwájú sí okùn: ti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀tún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ wá wọn àárín okùn méjèèjì níwájú ọkọ̀ àti lẹ́yìn ọkọ̀. Iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé okùn súnmọ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ìjàpá yìí fẹ̀ ju ti iwájú lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ìyẹn bíi 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Títo okùn yìí lè gbà yín ní wákàtí kan. Ẹ fún un ní wákàtí náà, torí bí okùn bá wọ́, gbogbo ohun tó kù wọ́.

Ní táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé rúlà sára etí rímù ní iwájú, ẹ kà á dé okùn. Ẹ ṣe bákan náà ní etí ẹ̀yìn rímù yẹn. Ká ní ẹ rí 152 níwájú rímù òsì, 150 lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú jìnnà sí okùn ju ẹ̀yìn lọ, nítorí náà imú táyà òsì ń wo inú ní mílímítà 2. Ká tún ní ẹ rí 148 níwájú rímù ọ̀tún, 151 lẹ́yìn rẹ̀. Imú tiyẹn ń wo òde ní 3. Táyà tó wà lósì tó ń wo inú, ọ̀tún ló ń wò. Táyà tó wà lọ́tùn-ún tó ń wo òde, ọ̀tún náà ló ń wò. Àwọn méjèèjì jọ ń fa ọkọ̀ lọ sápá kan, ohun tí ẹ sì kọ sí wa gan-an nìyẹn.

Ibi tí a fẹ́ dé ni kí iwájú àti ẹ̀yìn rímù dọ́gba, tàbí kí ìyàtọ̀ wọn má ju mílímítà 1 lọ, kí òsì àti ọ̀tún sì jọ ara wọn. Lórí rímù 15, mílímítà 1.2 jẹ́ ìṣẹ́jú 10 nínú ìdíwọ̀n igun (ìdíwọ̀n kan, ìyẹn degree, jẹ́ ìṣẹ́jú 60), fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wé e.

Kí ẹ tó fi sípánà kan bóòtù flange, ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì mímú gé ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó la spring plate àti flange kọjá, kó hàn lára méjèèjì. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ọ̀dà ṣe é, yóò parẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìlà yẹn lẹ óò padà sí bí nǹkan bá dàrú, òun náà ni yóò sì sọ fún yín bí ẹ ti sún un tó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró irin lábẹ́ ilé torsion bar. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù a máa là lójijì láìfọhùn. Ẹ bọ́ táyà, ẹ fi jáàkì kejì gbé orí axle díẹ̀ kí ẹrù kúrò lára bóòtù, ẹ sì wo rọ́bà bíréékì pé kò fà. Ẹ wá fi sípánà 19 dẹ bóòtù díẹ̀. Ẹ kàn dẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má yọ ọ́.

Bí ẹ bá fi ọ̀pá irin gígùn ti flange síwájú, imú táyà á wọlé. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, imú á jáde. Mílímítà 1 níbi flange máa ń yí ìyàtọ̀ tí ẹ kà níbi rímù padà ní nǹkan tó súnmọ́ mílímítà 1. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ẹ óò fa òsì sẹ́yìn ní bíi 2, ẹ óò ti ọ̀tún síwájú ní bíi 3. Ẹ fún bóòtù padà ní bíi 108 Nm, ìyẹn kílò 11 lórí páìpù mítà kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé. Bí ẹ bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, ẹ má wọn nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, axle rọ̀ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ táyà méjèèjì sì ká wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá kanlẹ̀, rọ́bà táyà á di ilẹ̀ mú, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣí padà, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga bíi ti ẹni tó ń yọ́ rìn. Ìwọ̀n tí ẹ bá kà nígbà yẹn kì í ṣe ti ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ti ọkọ̀ lọ síwájú ní mítà 10 láìfa họ́ńbíréékì, ẹ tì í padà wá, ẹ tún okùn yẹ̀ wò, kí ẹ tó wọ̀n. Bí ó bá gba yín ní ìgbà mẹ́ta kó tó ṣe rẹ́gí, kò tíì pọ̀ jù.

*Táyà ẹ̀yìn Ìjàpá mi ń jẹ ní inú nìkan. Bí mo bá sì dúró lẹ́yìn ọkọ̀, mo ń rí i pé orí táyà méjèèjì fì wọlé, bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ kan ara wọn, bẹ́ẹ̀ n kò gbé ẹrù. Ṣé mo lè fi ihò gbọọrọ yẹn tò ó? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)*

Rárá o. Ihò yẹn ń darí imú táyà. Kò lágbára lórí bí orí táyà ṣe fì. Gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń pinnu ìyẹn lára Ìjàpá tí axle rẹ̀ ń mì láti ìdí bíi tiyín: bí ẹ̀yìn bá ti lọ sílẹ̀, orí táyà á wọlé, bí ó bá ga, orí á jáde. Tiyín ti lọ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé torsion bar ti rẹ̀, ó lè jẹ́ pé rọ́bà spring plate ti gbó, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè dùn ún wò.

Rọ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ó rọrùn, kò sì wọ́n. Méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ OBEN lára rọ́bà, èdè Jámánì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni òkè. Apá yẹn ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Páúdà ni kí ẹ fi pa rọ́bà kí ó tó wọlé. Gírísì á jẹ ẹ́ láàárín oṣù díẹ̀.

Bí rọ́bà bá dára, torsion bar ló kù. Ọ̀pá irin yìí ní eyín ní orí méjèèjì: 40 ní inú, 44 lóde. Bí ẹ bá yí ti inú ní eyín kan, ó jẹ́ ìdíwọ̀n 9. Bí ẹ bá yí spring plate ní eyín kan lóde sí òdìkejì, ó jẹ́ 8 àti ìṣẹ́jú 10. Ohun tó ṣẹ́kù láàárín méjèèjì ni ìṣẹ́jú 50, òun sì ni ìgbésẹ̀ tó kéré jù lọ tí ẹ lè gbé. Níbi táyà, ìgbésẹ̀ kan ń mú ọkọ̀ ga tó mílímítà 6. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀yìn sókè ní mílímítà 18 yóò gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn igun spring plate pẹ̀lú protractor kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ iye òsì àti ọ̀tún sílẹ̀, kí méjèèjì sì jọ dọ́gba nígbà tí ẹ bá parí. Torsion bar òsì kì í lọ sọ́tùn-ún. Àwọn tó ṣe é ti lọ́ ọ tẹ́lẹ̀ sí apá kan, L àti R sì wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé wọn gba òdìkejì, wọn ó ṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka gbólóhùn yìí. Spring plate tó wà lórí ìkọ́ rẹ̀ ń ti ilẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè fọ́ egungun. Ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ ilé torsion bar kí ẹ tó fi irin yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ má gbé orí tàbí orúnkún yín sí iwájú tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí jáàkì sì gbé e nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Ẹni tó bá dá nìkan wà nílé lọ́jọ́ yẹn, kó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ẹ̀yìn sókè, imú táyà náà ti yí padà, nítorí náà okùn tún di dandan.

*Mo tò ó, ó ṣe rẹ́gí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ti sún. Kí ló dé? (Òǹkàwé, Ẹ̀pẹ́)*

Ẹ wo ìlà ṣísẹ́ẹ̀lì yín. Bí ìlà bá ti ṣí kúrò níbi tí ẹ fi sí, flange ló ń yọ̀. Ọ̀dà, gírísì tàbí ìdógùn-ún tó wà láàárín flange àti spring plate ni ó sábà ń fà á: ojú irin méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ́ kó sì gbẹ, nítorí ìfúnpọ̀ ló dì wọ́n mú, bóòtù fúnra rẹ̀ kò kún ihò. Bí ìlà kò bá sún, ẹ padà sí rọ́bà gíábọ́ọ̀sì àti rọ́bà spring plate. Bóòtù tó ti dógùn-ún tí ẹ fi òòlù lù jáde, ẹ má dá a padà. Ẹ ra tuntun tí òǹkà agbára rẹ̀ jọ ti àtijọ́.

*Ìlú London ni mo wà, 1303 ọdún 1973 ni tèmi. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí bí èyí tí ẹ sábà ń ṣàpèjúwe. Axle rẹ̀ ní ìsopọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. (Òǹkàwé, Peckham)*

Tiyín jẹ́ ẹ̀yà kejì. Láti August 1970 ni 1302, àti 1303 tó tẹ̀lé e, ti ń lo apá onígun tí wọ́n fi búúṣì so mọ́ ara ọkọ̀, pẹ̀lú axle tó ní ìsopọ̀ lẹ́bàá gíábọ́ọ̀sì àti lẹ́bàá táyà. Ihò gbọọrọ ṣì wà lára spring plate, ọ̀nà sísún rẹ̀ kò sì yàtọ̀: síwájú, imú wọlé. Ìwọ̀n tí ẹ óò lé ni òdo, pẹ̀lú àyè ìṣẹ́jú 15 sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀. Orí táyà tiyín gbọ́dọ̀ fì wọlé díẹ̀, ìdíwọ̀n 1 àti ìṣẹ́jú 20, pẹ̀lú àyè ìṣẹ́jú 40. Ẹ rọ okùn ìwọ̀n bíríkìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà láti òkè: etí rímù lókè gbọ́dọ̀ jìnnà sí okùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ ní bíi mílímítà 9. Láti 5 dé 14 ṣì dára. Búúṣì apá onígun ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó dẹ bóòtù kankan. Bí ó bá ti jẹ, imú táyà á máa yí bí ẹ bá ti tẹ iná àti bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, títò kankan kò ní dúró.

*Ẹ jọ̀wọ́, Peugeot 504 station wagon ńkọ́? Níbo ni bóòtù títo ẹ̀yìn rẹ̀ wà? (Òǹkàwé, Òṣogbo)*

Kò ní. Axle rẹ̀ jẹ́ odidi kan láti táyà dé táyà, ilé iṣẹ́ kò sì fi àyè títò sí i. Bí okùn bá fi hàn pé ó wọ́, búúṣì kan ló kú tàbí irin kan ló tẹ̀. Ẹ wá èyí tó bàjẹ́ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò fi iná jó o tọ́, ẹ má gbà fún un.

*Nígbà tí mo bá ti to ẹ̀yìn Ìjàpá tán, ṣé mo tún ní láti to iwájú? (Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde)*

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú okùn tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó to iwájú yín kẹ́yìn tò ó láti fi gba ẹ̀yìn tó wọ́. Ẹ fi àpótí sítíárìn sí àárín gangan: ẹ ka iye ìgbà tó yí láti òpin kan dé òpin kejì, ẹ pín in sí méjì. Ẹ dè é síbẹ̀ pẹ̀lú okùn kó má yí. Ẹ wá yí ọ̀pá ìtọ́kọ̀ òsì àti ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí imú táyà iwájú yóò fi wọlé ní àpapọ̀ ìṣẹ́jú 30. Lórí rímù 15, mílímítà 3.5 nìyẹn fún méjèèjì, ìyẹn 1.75 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí sítíárìn bá ṣì wọ́ lẹ́yìn èyí, tí ọkọ̀ sì ń lọ tààrà láìrìn bí alákàn mọ́, ẹ yọ sítíárìn fúnra rẹ̀, ẹ sún un ní eyín kan lórí ọ̀pá rẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà.